Irin Iṣẹ́-Iná: Ìwà Rẹ̀, Ìwúlò Rẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Fi Iná Tọ́jú Rẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hot work tool steel. Irin iṣẹ́-iná ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé ibi tí irinṣẹ́ ti ń fara kan ohun gbígbóná lójoojúmọ́ ni a ti ń lò ó. A kọ́ nípa rẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n bi wá nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dára. Síbẹ̀, ìgbà ìsinmi tó kọjá ni mo tó rí i pé n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé

Olúpọ̀nnà, lágbègbè Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ilé bàbá mi. Àbúrò bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ níbẹ̀. Ọkọ́, àdá àti àáké ni wọ́n ń rọ jù, wọ́n sì ń bá àwọn àgbẹ̀ tún irinṣẹ́ wọn ṣe. Sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá tó ti gbó ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn, títí kan ṣísẹ̀lì tí wọ́n fi ń gé irin gbígbóná. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò ni pé ojú ṣísẹ̀lì náà tètè ń kú. Bí wọ́n bá fi gé irin pupa lẹ́ẹ̀melòó kan, ojú rẹ̀ a rọ̀, a sì tẹ̀, wọn a tún gbé e padà síná kí wọ́n tó lè tún un ṣe.

Níbi tí mo ti ṣe I.T., mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, wọ́n fún mi ní irin kékeré kan tí wọ́n gé kù, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì nípọn ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ H13 sí i lára. Mo gbé e lọ fún Bàbá. Mo ní, “Bàbá, irin yìí kì í rọ̀ nínú iná. Ẹ fi ṣe ṣísẹ̀lì, ẹ ó rí i.” Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá rọ ọ́. Wọ́n ní ó yi lábẹ́ òòlù ju sípíríǹgì lọ. Nígbà tó kan mímú ojú rẹ̀ le, wọ́n jẹ́ kí iná rẹ̀ ju ti sípíríǹgì lọ, nítorí pé èmi ni mo ti sọ pé irin náà fẹ́ràn iná. Ó pọ́n, ó kọjá pupa, ó dé àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Wọ́n wá tì í bọ omi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Omi hó, mo sì gbọ́ ìró kékeré kan, “tín.” Mo rò pé omi ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ wọn di ṣísẹ̀lì náà mú, ẹlòmíràn sì ń lu orí rẹ̀. Ní ìlù kẹta, igun ojú ṣísẹ̀lì náà fò yọ. Kò tó èékánná ọmọ ìka, ṣùgbọ́n ó gé ọmọ náà lábẹ́ ojú òsì. Wọ́n rán an lójú mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹyinjú kò fara kàn án. Nígbà tí ìyá ọmọ náà dé àgbẹ̀dẹ, ó béèrè pé, “Irú irin wo lẹ fún un, Bàbá?” Bàbá ní, “Irin yunifásítì ni.” Wọn kò fi bú mi. Wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tó gbé irin wálé.

Le kì í ṣe yi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa, nítorí ó ti ya ohun méjì sọ́tọ̀ fún wa. Eegun le, awọ yi. Ohun tó le kì í jẹ́ kí ohun mìíràn tẹ̀ ẹ́ tàbí há a lára. Ohun tó yi kì í jẹ́ kí wọ́n fà á ya tàbí kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Àwo tánganran le, ṣùgbọ́n kò yi; ẹ jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i. Irinṣẹ́ tó dára gbọ́dọ̀ ní méjèèjì, ìdààmú iṣẹ́ wa sì nìyí: bí a bá ṣe ń mú irin le sí i, bẹ́ẹ̀ ni yíyi rẹ̀ sábà máa ń dín kù.

Ní ti irin iṣẹ́-iná, ohun kẹta tún wà níbẹ̀: kí líle náà má sá lọ nígbà tí ooru bá dé. Bí ojú ṣísẹ̀lì bá kan irin tó ti pọ́n, ooru ń wọ̀ ọ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ ní kábọ́ọ̀nù tó tó, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì ní bí 0.6 nínú 100. Ó ń le dáadáa bí a bá tì í bọ omi tàbí òróró. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti gbóná dé 500°C tàbí 600°C, líle náà ń tú dànù. Kì í ṣe pé sípíríǹgì burú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kí ó gbé ọkọ̀, kì í ṣe kí ó wọ inú iná.

Ohun tó wà nínú H13

Àwọn ará Amẹ́ríkà fi lẹ́tà H ṣe àmì irin iṣẹ́-iná. H10 títí dé H19 jẹ́ èyí tí chromium jẹ́ olórí nínú wọn. H21 títí dé H26 jẹ́ ti tungsten. H42 jẹ́ ti molybdenum. H13 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. 1.2344 ni wọ́n ń kọ sí i lára ní Jámánì, SKD61 sì ni ti Japan. Ẹni tó bá ń ra irin ní ọjà àlòkù gbọ́dọ̀ mọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí irin kan náà lè dé lábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Nínú 100 ìdá H13, kábọ́ọ̀nù jẹ́ bí 0.4, chromium bí 5, molybdenum bí 1.3, vanadium bí 1, silicon náà bí 1. Ìyókù, irin ni. Ẹ wo bí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti kéré tó. D2, tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́ tí ń gé páànù tútù, ní kábọ́ọ̀nù bí 1.5 àti chromium bí 12. D2 le jù H13 lọ, ṣùgbọ́n bí ooru òjijì bá kọ lù ú, ó ń là. Wọ́n dín kábọ́ọ̀nù H13 kù kí ó lè yi.

Ohun kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Chromium àti molybdenum ń jẹ́ kí irin náà lè le láìjẹ́ pé a tì í bọ omi. Atẹ́gùn lásán tó fún un. Chromium àti silicon ń dín bí iná ṣe ń jẹ ara irin kù. Molybdenum àti vanadium ló ní iṣẹ́ tó yani lẹ́nu jù. Bí a bá dá irin tí a ti mú le padà sí ooru bí 500°C sí 600°C, wọ́n á so pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù, wọ́n á di hóró tíntìntín tó le gan-an, tí ojú lásán kò lè rí. Níbi tí irin mìíràn ti ń rọ̀, H13 ń rí agbára tuntun gbà. Ohun tí ọ̀gá ibi I.T. mi ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tó sọ pé irin náà kì í rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: bí ó bá kọjá 600°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ìmọ̀ yìí kò wáyé lọ́jọ́ kan. Ní 1868, Robert Mushet ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irin tó ní tungsten, tó ń le fúnra rẹ̀ nínú atẹ́gùn. Ní òpin ọ̀rúndún náà, Frederick Taylor àti Maunsel White ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi ooru tó ga gan-an tọ́jú irú irin bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lè pọ́n kó sì máa gé irin lọ. Wọ́n fi han gbogbo ayé ní Paris ní 1900. Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí iná àti irin. Ní 1904, C. V. Bellamy kọ àpilẹ̀kọ kan fún àwọn onímọ̀ irin ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nípa ilé tí àwọn Yorùbá ti ń yọ irin láti inú òkúta. Ìmọ̀ iná ti wà lọ́wọ́ wa. Irú irin tó ń wọ ọjà ló yí padà.

Ibi tí a ti ń lò ó

Ẹ wo ojú fèrèsé ilé tuntun èyíkéyìí láti Ìwó dé Òṣogbo. Ọ̀pá álùmíníọ̀mù tó yí gíláàsì rẹ̀ ká, inú ihò irin ni wọ́n ti tì í jáde. Wọ́n á mú odindi álùmíníọ̀mù gbóná dé bí 450°C sí 500°C, ẹ̀rọ á wá fi agbára tì í gba inú ihò tó ní àwòrán ọ̀pá náà. Irin tí ihò náà wà lára rẹ̀ ni H13. Ara ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ńkọ́? Álùmíníọ̀mù yíyọ́ tó gbóná ju 650°C lọ ni wọ́n fi agbára rọ́ sínú mọ́ọ̀dù H13, ó dì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún rọ́ òmíràn. Sípáànà tí mẹkáníìkì ń lò, àárín mọ́ọ̀dù irin méjì ni wọ́n ti lù ú nígbà tó pọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lọ irin kọ́ńkéré, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Òṣogbo, Jos àti Kàtsínà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nílò ọ̀bẹ tí yóò gé ọ̀pá irin nígbà tó ṣì pupa.

Àwọn tó ń da ìkòkò álùmíníọ̀mù lágbègbè wa kò nílò rẹ̀, nítorí inú yanrìn ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á sì fọ́ yanrìn náà lẹ́yìn ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Mọ́ọ̀dù irin ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ooru, kó tutù, kó tún gba ooru, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tó sábà ń pa á kẹ́yìn ni ìlà tín-ín-rín tó ń fọ́n ká ojú rẹ̀ bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ara òde ń fẹ̀ nígbà tí ooru bá dé, ó ń sún kì nígbà tó bá tutù, inú kò sì bá a sáré. Bí ìyàtọ̀ yìí bá pọ̀ lọ́jọ́ pípẹ́, ara á là.

Bí a ṣe ń fi iná tọ́jú rẹ̀

Ìpele kìíní ni mímú un rọ̀. Bí a bá ti rọ H13 tán, atẹ́gùn lásán ti mú un le láìjẹ́ pé a fẹ́ bẹ́ẹ̀. A kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀. Inú eérú gbígbóná ni kí a bò ó mọ́, kí ó tutù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó mú un dé bí 870°C nínú ìléru, a ó sì jẹ́ kí òun àti ìléru jọ máa tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà náà ni ó ṣeé fi fáìlì rẹ́.

Ìkejì ni mímú un gbóná ní ìdẹsẹ̀. A kì í jù ú sínú ooru ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kọ́kọ́ dúró ní 650°C, kí inú rẹ̀ bá ara rẹ̀ dọ́gba, lẹ́yìn náà ní 850°C.

Ìkẹta ni ooru gíga, láàárín 1000°C àti 1040°C. Níbí ni kábọ́ọ̀nù àti àwọn ìyókù ti ń yọ́ wọnú irin. Fún irin tí kò nípọn, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó, lẹ́yìn tí inú rẹ̀ bá ti gbóná dọ́gba. Bí ó bá pẹ́ jù, hóró inú irin á tóbi, kò sì ní yi mọ́. A gbọ́dọ̀ bò ó lára níbẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn gbígbóná ń jí kábọ́ọ̀nù kó kúrò lójú irin, ojú náà á sì rọ̀.

Ìkẹrin ni ìtutù. Inú atẹ́gùn tó dúró tàbí èyí tí fáànù ń fẹ́ ni a ó gbé e sí. Èyí tó bá nípọn gan-an lè nílò gáàsì tó ń sáré tàbí òróró. Omi kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tó bá ku bí 60°C, tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbà á, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Irin tó wà ní ipò yìí le bí tánganran, kò sì yi.

Ìkarùn-ún ni dídá a padà síná, láàárín 540°C àti 650°C, ó kéré tán fún wákàtí méjì, kí a jẹ́ kó tutù pátápátá, kí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí tí a fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ni pé lẹ́yìn ìtutù àkọ́kọ́, apá kan nínú irin kò tíì yí padà. Ìgbà tí a bá dá a padà síná lẹ́ẹ̀kíní ni apá yẹn ń yí padà bó ti ń tutù, ó sì di ohun líle tuntun tí kò tíì yi. Ìkejì ni yóò tọ́jú ìyẹn. Bí ooru ìdápadà bá ṣe ga tó ni líle rẹ̀ yóò ṣe dín kù tó, tí yíyi rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell C, iṣẹ́ mọ́ọ̀dù álùmíníọ̀mù sábà máa ń fẹ́ bí 44 sí 50.

Ibi tí mo ti ṣì wọ́n lọ́nà

Ẹ padà wá sí àgbẹ̀dẹ. Kò sí ohun tí Bàbá ṣe tí kò tọ́ fún sípíríǹgì. Wọ́n ń ti ojú rẹ̀ nìkan bọ omi, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí ooru tó kù lẹ́yìn sáré padà sí ojú. Wọ́n á máa wo àwọ̀: ó á dà bí koríko gbígbẹ, ó á di elésè àlùkò, ó á di aró. Nígbà tó bá di aró, ní bí 300°C, wọ́n á dá a dúró. Dídá padà síná nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọgbọ́n tí a ń fi ìwé ńlá kọ́ ni wọ́n ń fi ojú ṣe.

Fún H13, ọgbọ́n yẹn di àkóbá lọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, bí irin bá ń le, ó ń fẹ̀ díẹ̀. Nínú omi, ara òde ti tutù, ó ti le gan-an kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Inú ń tì, òde kò lè tẹ̀, òde là. Ìró “tín” tí mo gbọ́ nìyẹn. Èkejì, 300°C kò tó H13 rárá. Kódà bí kò bá là nínú omi, kò tíì yi tó ohun tí a lè fi òòlù lù. Èmi mọ gbogbo èyí nínú ìwé. Mo sọ fún Bàbá pé irin náà kì í rọ̀. N kò sọ pé ó lè fọ́.

Ìgbà kejì

Mo bẹ àwọn tó ń mójú tó yàrá ìdánwò ẹ̀ka wa, wọ́n sì gbà. Mo lọ wá òmíràn nínú irin tí wọ́n gé kù, Bàbá rọ ọ́, wọ́n bò ó mọ́ inú eérú di ọjọ́ kejì. Mo gbé e wá sílé ìwé. A mú un rọ̀, mo fi fáìlì tún ojú rẹ̀ ṣe, a dì í sínú bébà irin tí kì í dípẹtà, a mú un dé 1020°C ní ìdẹsẹ̀, a sì fi atẹ́gùn mú un tutù. A dá a padà síná lẹ́ẹ̀mejì ní 600°C, wákàtí méjì méjì. Òṣùwọ̀n sọ 47. A mú orí tí òòlù ń lù rọ̀ sí i, mo sì fi ẹ̀rọ ìlọ́ta yọ igun rẹ̀ kí ó má baà máa fọ́n.

Kí a tó lò ó, a da òróró tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára, a nù ún, a fi ẹfun kun ún. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, òróró á yọ jáde sára ẹfun. Kò sí ìlà kankan. Mo tún ra gíláàsì ojú mẹ́ta lọ́jà, èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò fún ìlọ́ta, mo kó wọn lọ sí Olúpọ̀nnà.

Bàbá wo ṣísẹ̀lì náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ náà sún sẹ́yìn, pé àwọn fúnra àwọn ni yóò dì í mú. Mo gbà òòlù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lù ú, mo ní èmi ni n ó lù ú. A gé irin pupa títí agogo méjìlá fi lù. Ojú rẹ̀ kò tẹ̀, kò sì ṣẹ́.

Wọ́n wá bi mí pé, “Bí ojú rẹ̀ bá kú lọ́la ńkọ́? Ṣé èmi náà á máa gbé e lọ sí yunifásítì ni?” Ìbéèrè gidi ni. Ṣísẹ̀lì sípíríǹgì tètè ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín wákàtí kan ni Bàbá lè tún un ṣe níbi iná tiwọn. H13 ń pẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tún un rọ, ìléru tí a lè ka ooru rẹ̀ ló lè tún un tọ́jú. Ohun tí mo lè sọ fún wọn ni pé ojú rẹ̀ ṣeé pọ́n lórí òkúta ìlọ́ta lọ́pọ̀ ìgbà láìfi iná kàn án, kí wọ́n sì má jẹ́ kó pọ́n lórí òkúta náà. Wọ́n ní ó dáa, àwọn yóò máa lo méjèèjì, oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Mo kọ ohun mẹ́rin sára ògiri àgbẹ̀dẹ náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, mo sì kọ wọ́n síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ń lu irin. Irin tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kí a má ṣe tì í bọ omi. Kí a kọ́kọ́ gé díẹ̀ lára rẹ̀ dán an wò. Ṣísẹ̀lì H13, kí a mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbóná lẹ́nu iṣẹ́, kí a gbé e sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Kí a má ṣe tì í bọ omi. Ẹni tó di irin mú àti ẹni tó ń lù ú, kí àwọn méjèèjì wọ gíláàsì ojú.

Ọmọ iṣẹ́ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àpá rẹ̀ ti ń sàn, ó dà bí ìlà kékeré lábẹ́ ojú. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ sílé ìwé, ó bi mí pé irú irin wo ni mo tún fẹ́ gbé wá nígbà míì. Mo ní èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, n ó kọ́kọ́ sọ gbogbo ìwà rẹ̀ fún yín kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ná sí i.